Ephraim Amu àti Ohùn Ọ̀rọ̀ Nínú Orin

Ní ọdún 1931, olùkọ́ kan dìde láti wàásù ní Akropong, ní ilẹ̀ Gold Coast tí í ṣe Gánà lónìí. Kò wọ kóòtù, kò so táì. Aṣọ ìbora ìbílẹ̀ ni ó dà bora. Ephraim Amu ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ewe tí a bí ní Peki ní ọdún 1899. Àwọn àgbà ìjọ pè é, wọ́n bá a wí. Kò yí padà. Ní ọdún 1933 wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ni láti ọdún 1926.

Ọ̀ràn náà ju ti aṣọ lọ. Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ orin ìsìn sí èdè Twi, wọ́n sì fi ohùn orin Yúróòpù kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Twi rí bí Yorùbá: ohùn ní ń fi ìtumọ̀ hàn. Olùkọ́ Yorùbá tí ó ti gbọ́ kí orin sọ “ọ̀rẹ́” di “ọrẹ” nínú ilé ìjọsìn yóò mọ ìnira náà. Ẹnu ń kọrin, etí ń wá ọ̀rọ̀.

Amu wá fetí sí orin àwọn ará ìlú. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú kí ohùn orin tẹ̀lé e, ó sì fi ìdàpọ̀ ohùn púpọ̀ tí ó kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó kún un. Báyìí ni ó ṣe kọ “Yɛn Ara Asaase Ni” ní ọdún 1929, orin tí àwọn ará Gánà ṣì ń kọ bí orin orílẹ̀-èdè wọn kejì.

Ẹni tí ó bá rò pé ó kórìíra ẹ̀kọ́ òyìnbó ti ṣìnà. Ilé-ẹ̀kọ́ Achimota gbà á síṣẹ́. Ní ọdún 1937 ó lọ sí Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wálé nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà.

Ohun ìsìnkú ni fèrè atenteben jẹ́ láàrin àwọn Akan tẹ́lẹ̀. Amu tún un ṣe, ó mú un wọ kíláàsì. Ọparun ni a fi ń ṣe é, ọparun kò sì wọ́n nínú igbó. A kò ní retí ọkọ̀ òkun kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó rí fèrè fọn.

Ní ọdún 1965 Yunifásítì Gánà fi oyè Ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Aṣọ tí a hun nílé ni ó ń wọ̀ títí ó fi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995.