Gàrí Lẹ́yìn Ọdún 1918

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé láti ayébáyé ni a ti ń jẹ gàrí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Potogí ló kó ẹ̀gẹ́ láti Brasil wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì pẹ́ gan-an kí àwọn ènìyàn tó kà á sí. Oró wà nínú irú rẹ̀ kan, àwọn tó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ kò sì pọ̀. Nígbà tí àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Brasil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọgbọ́n rírin ẹ̀gẹ́, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan rẹ̀ túbọ̀ fìdí múlẹ̀ ní Èkó àti agbègbè rẹ̀. Síbẹ̀, ọgbọ́n nìkan kọ́ ló ń sọ irúgbìn di olórí oúnjẹ. Lójú tèmi, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ló ti ẹ̀gẹ́ síwájú ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Nàìjíríà, kì í sì í ṣe pé ó ṣàdédé dùn lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ oko ló dínkù lójijì.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1918 ni ọkọ̀ ogun Mantua gbé àrùn influenza dé Freetown ní Sierra Leone. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ Bida tó ń ti Accra bọ̀ ti gbé e dé èbúté Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ń wọ ilé onílé kiri láti wá aláìsàn, ẹ̀rù ba àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ sì sá lọ sí ìgbèríko pẹ̀lú àrùn náà lára. Reluwé, tó ti so Èkó mọ́ Kano, gbé e gòkè lọ. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn nínú mílíọ̀nù 18 tó wà ní Nàìjíríà. Ọ̀fìnkìn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ló máa ń pa. Èyí pa àwọn géńdé, ẹni ogún ọdún sí ogójì, àwọn tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn gan-an.

Oko iṣu kì í dúró de aláìsàn. Ẹni tó fẹ́ gbin iṣu á ṣán ilẹ̀, á kọ ebè tẹ̀lé ebè, ní ìbẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Á ti fi èèbù pamọ́ nínú iṣu ọdún tó kọjá, ebi ìyówù kó pa á. Tí iṣu bá hù, á wá igi tí yóò fà mọ́; á ro oko, á tún un ro; tó bá ta, á wà á, á tò ó sí àká kó má bàa jẹrà. Àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu gẹ́lẹ́ ni àrùn náà dé. Ilé tí géńdé méjì bá dùbúlẹ̀, tí ẹ̀kẹta sì kú, oúnjẹ ọdún yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn, èèbù ọdún tó ń bọ̀ náà sì bá a lọ. Ẹ̀gẹ́ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Igi rẹ̀ la ń ṣẹ́ gbìn, a kì í gbin ohun tí à bá jẹ. Ó lè ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì ráyè wà á lọ́dún yìí, á ṣì wà nínú ilẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Fún ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú, àká abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní ẹ̀gẹ́ ti wà ní Èkó, ní Ìjẹ̀bú àti nílẹ̀ Ẹ̀gbá kí àrùn náà tó dé. Òótọ́ ni. Don Ohadike, òpìtàn tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1981, ìsàlẹ̀ odò Ọya ló ṣèwádìí rẹ̀, a kò sì lè fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe òdiwọ̀n gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àmọ́ àjàkálẹ̀ àrùn kì í dá ohun tuntun sílẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀, tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, ni ó máa ń sọ di kò-ṣeé-má-nìí, bí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe wà ṣáájú 2020 kí ó tó di iṣẹ́ ojoojúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Àtakò kejì ló le. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe sójà àti aláàárù ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Kòkó náà ti ń gba ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́. Kí ló dé tí a fi ń di gbogbo rẹ̀ ru àrùn? Ìdáhùn mi wà nínú àáró àti ọ̀wẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ogun àti kòkó ń mú ènìyàn lọ, àwọn tó kù sì lè gba iṣẹ́ ara wọn ṣe. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, aládùúgbò á bá a kọ ebè, òun náà á san án padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo àdúgbò dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà, ta ni yóò bá ta ni ṣe àáró? Ètò tó ń gbé oko iṣu dúró ni àrùn náà kọ lù, ogun kò ṣe irú ìyẹn.

Ẹ wo ibi tí olórí oúnjẹ kò ti lè dúró nínú ilẹ̀ bí ẹ̀gẹ́. Ní Freetown, ìrẹsì ni olórí oúnjẹ, ó sì wà lóko nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó ìrẹsì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Keje ọdún 1919, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ará ìlú sì ya bo ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Síríà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́.

Síbẹ̀, bí ẹ̀gẹ́ ṣe rọrùn lóko tó, iṣẹ́ kò pòórá nínú rẹ̀ o. Ọwọ́ mìíràn ló bọ́ sí, ó sì ń dùn mí pé a kì í sábà sọ ọ́. Kí ẹ̀gẹ́ tó di gàrí, wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí omi rẹ̀ lè ro. Wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á wá jókòó ti iná, èéfín lójú, wọ́n á máa fi àwẹ́ igbá rò ó nínú agbada títí yóò fi gbẹ. Obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, owó rẹ̀ sì di tiwọn. Gàrí tó gbẹ dáadáa kì í tètè bàjẹ́. Ó ṣeé dì sínú àpò wọ reluwé, lébìrà tó ń dá gbé ní Èkó sì lè fi omi tútù mu ún láìdáná. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé, gàrí ti ká ìjọba lára débi pé wọ́n yan Ọ̀gbẹ́ni Pullen láti máa ṣàkóso iye tí wọn yóò máa ta oúnjẹ ní Èkó, gàrí sì wà níwájú nínú rẹ̀. Alimọtu Pẹlẹwura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó wọn jọ, wọ́n sì bá ètò náà jà fún ọ̀pọ̀ ọdún.