Epo, Ìjánu àti Okùn: Ọgbọ́n Àwọn Awakọ̀ Àtijọ́

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí àwọn àgbà fọwọ́ bo ẹnu tí wọ́n ní ojú àwọn ti rí òpin iṣẹ́ Òyìnbó, wọn kò mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀ lọ́nà tí kò ní í béèrè irin kí ó tó rìn. Nítorí nígbà tí yóò fi di ọdún 1906, ìjọba ti la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn Mẹsí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, dé Ọ̀yọ́ Aláàfin, àwọn ará oko ẹ̀bá ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin kò fà tó ń wọ́ eruku lẹ́yìn lọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Èmi tí mo ti gbọ́ bí lọ́rì àtijọ́ ti ń ké bó bá ń gun òkè a máa rò ó pé ẹ̀fẹ̀ ni ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ń ṣe, àbí kẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ olówó ló rí, tí kò tíì rí ti elérù.

Ẹ̀yìn ọ̀gá ni ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ nígbà náà. Ní Èkó, W. A. Dawodu, oníṣòwò tó ń ta ọkọ̀ tó sì ń tún un ṣe, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ dúdú mọ inú ẹ́ńjìnnì bí ẹní mọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ di awakọ̀ yóò fọ ọkọ̀, yóò gbé wẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń há táyà kí ọkọ̀ má baà yí, yóò yí irin ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ ọyẹ́ títí apá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, kí ó tó fọwọ́ ba ọwọ́ ọkọ̀. Ohun tí ọ̀gá kò bá sì kọ́ ọ, gáréèjì yóò kọ́ ọ, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń jókòó sábẹ́ igi de èrò, tí ọ̀kan ń wí fún èkejì pé afárá báyìí ti ya, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ báyìí kò ṣeé fojú di. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ọ̀rọ̀ epo ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Inú garawa onígálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni pẹtiróòlù ń bá wá, garawa yìí kan náà tí àwọn ìyá wa fi ń pọnmi nígbà tí epo inú rẹ̀ bá tán. Ó wọ́n, ìjọba, tí kò fẹ́ kí lọ́rì máa já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọkọ̀ ojú irin, tún ń di owó ìwé àṣẹ lé àwọn ọlọ́kọ̀ lórí, débi pé wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, èyí tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà ń ṣòwò ọkọ̀ àti kòkó nígbà náà, ṣe akọ̀wé fún kó tó lọ kọ́ òfin nílùú Òyìnbó ní 1944. Nígbà ogun Hitler, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọn epo fún ọlọ́kọ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin ìrìn méjì, ọba ni ní gáréèjì.

Ford àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ni àgbá epo rẹ̀ wà, kò sì ní pọ́ǹpù. Ṣíṣàn ni epo ń ṣàn lọ bá ẹ́ńjìnnì bí omi òjò ti ń ṣàn lórí òrùlé. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, tí ọkọ̀ sì gbé imú sókè láti gun òkè, ẹ́ńjìnnì yóò ga ju epo lọ, yóò wúkọ́, yóò kú. Kí ni ìmọ̀ràn àgbà? Yí i padà, fi ẹ̀yìn gòkè. Jíà ẹ̀yìn lágbára ju ti iwájú lọ, epo yóò sì rọ́nà ṣàn. Ẹni tí kò mọ̀dí, tó rí ọkọ̀ tó ń fìdí gòkè, yóò rò pé wọ́n ti sa oògùn sí awakọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà tí ẹnu gáréèjì kò kò lé lórí: fírì. Bí ọkọ̀ bá dé ṣóńṣó òkè, awakọ̀ ahun a yọ jíà, a jẹ́ kí ẹrù máa ti ọkọ̀ lọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá. Òtítọ́ ni pé epo díẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú jíà ń fa táyà sẹ́yìn bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú. Bí a bá yọ ọ́, ìjánu nìkan ni yóò ru gbogbo rẹ̀. Ìjánu ayé ìgbà náà ńkọ́? Irin gbọọrọ àti wáyà ni ẹsẹ̀ fi ń fà á, Ford kò sì fi ìjánu olómi sí ọkọ̀ tirẹ̀ títí di ti ọdún 1939. Lọ́rì tó kó kòkó, tó ń fi fírì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ìjánu rẹ̀ yóò gbóná, òórùn bí aṣọ tó ń jó yóò gba afẹ́fẹ́, awakọ̀ yóò sì tẹ ibi tó ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìrí ohun tó dá a lóhùn. Tọ́rọ́ tí ó ṣọ́ lórí òkè ti di ọ̀pọ̀ pọ́ùn nísàlẹ̀. Abájọ tí àwọn awakọ̀ kì í fi ajá Ògún Lákáayé, Ògún Onírè, falẹ̀.

Nígbà tí ìjánu olómi dé, àrùn mìíràn bá a dé. Mo mọ awakọ̀ kan tó ń bu omi ọṣẹ sí ibi tí epo ìjánu yẹ kó wà, nítorí pé ọṣẹ kò wọ́n. Ó ṣiṣẹ́ fún un ní ilẹ̀ títẹ́. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi hó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, inú oko ẹ̀gẹ́ ló sì ti dúró. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Okùn ló kàn lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ fa èkejì, àlejò iṣẹ́ yóò rò pé ẹni iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Okùn tó dẹ̀, tó tún wá fà pì lójijì, jíjá ni yóò já. Nítorí náà ẹni ẹ̀yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ni yóò máa fi ìjánu díẹ̀díẹ̀ mú okùn le, tí yóò sì máa dúró fún àwọn méjèèjì níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó má baà kọ lu ìdí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́. Àgbà awakọ̀ ni wọ́n ń fi sínú òkú ọkọ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa wa èyí tó yè. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Bàbá awakọ̀ kan wà ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, tó fi lọ́rì sílẹ̀, tó ra Volkswagen tí àwa ọmọdé ń pè ní Ìjàpá. Ilẹ̀ títẹ́ bí ẹní ni iwájú ilé rẹ̀, ìjánu Ìjàpá náà sì mú dáadáa. Síbẹ̀, bó bá ti pa ẹ́ńjìnnì nírọ̀lẹ́, kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìjánu àfi bí ọ̀kan nínú wa bá ti sáré gbé wẹ́ẹ̀jì, tó ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn táyà, tó sì ti fẹnu ara rẹ̀ wí i sókè pé, "Bàbá, mo ti fi sí i o."