Ọtí Àjò, Ọtí Ilé: Ìtàn Kọfí Foynes àti Ìtàn Sódabì

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Síbẹ̀, ẹnu tí ó bá tọ́ ohun dídùn wò ní òkèèrè kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ní òde òní, àwọn ọmọ wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnu máa ń bá ọtí àdàlù pàdé lójú ọ̀run, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní cocktail. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, wọ́n á wá ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà àti omi dídì, wọ́n á sì gbìyànjú láti po irú rẹ̀ nílé. Àwọn àgbà kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Sódabì, ọtí tí ó lókìkí jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀nà kan náà ni ó gbà wọlé: ẹnìkan ni ó rí ohun kan lájò, tí ó sì tún un ṣe nílé. Ìtàn méjì ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí ibi tí wọ́n ti jọra, àti ibi tí wọn kò ti jọra rárá.

Ìtàn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Foynes, èbúté kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ireland. Láàárín ọdún 1939 sí 1945, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ń bà lórí omi ti máa ń dúró kí wọ́n tó la òkun kọjá sí Amẹ́ríkà. Foynes kò jìnnà sí wa tó bí a ti lè rò, nítorí pé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ BOAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Lisbon, wọ́n á gba Bathurst, tí a ń pè ní Banjul lónìí, kí wọ́n tó dé Èkó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà òtútù ọdún 1943, ojú ọjọ́ burú débi pé ọkọ̀ kan tí ó ti gbéra lọ sí Amẹ́ríkà ní láti yí padà. Òtútù ti mú àwọn èrò rẹ̀. Joe Sheridan, olórí àwọn alásè ní èbúté náà, da wisikí sínú kọfí gbígbóná, ó fi ṣúgà sí i, ó sì da ọ̀rá wàrà lé e lórí. Ohun mímu náà ni ayé mọ̀ sí Irish coffee.

Ní ọdún 1952, Stanton Delaplane, akọ̀ròyìn San Francisco tí ó ti mu kọfí yìí ní Ireland, gbé ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Jack Koeppler, onílé ọtí Buena Vista. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń pò ó, wọ́n sì ń tọ́ ọ wò. Adùn rẹ̀ kò bára mu, ọ̀rá wàrà náà sì ń rì sísàlẹ̀ dípò kí ó léfòó. Ìtàn sọ pé ọkùnrin kan tí ó ní ilé iṣẹ́ wàrà ni ó tú àdììtú náà: ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rá náà pé wákàtí 48, kí wọ́n sì lù ú títí yóò fi ki. Sheridan fúnra rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí náà. Kò sí ẹni tí ó pe ọ̀kankan nínú wọn ní arúfin. Ìyìn ni wọ́n gbà.

Kí a tó dé orí ìtàn kejì, ó yẹ kí a rántí ohun tí àwọn baba wa ń mu. Ẹmu, ògùrọ̀ àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn ni ọtí ilé. Ọtí líle, bí jíìnì àti rọ́ọ̀mù, etíkun ni ó ti ń wá, nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò Yúróòpù. Nígbà tí Faransé gba Dàhòmì, owó ibodè orí ọtí wọ̀nyí di ọ̀kan pàtàkì nínú owó tí ìjọba fi ń gbé ara ró. Kétu, tí ogun Dàhòmì ti fọ́ ní ọdún 1886, bọ́ sí ìhà Faransé nínú àdéhùn ọdún 1889. Mẹ̀kọ bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ìjọba ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, dìde sí ìjọba. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sì sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Dàhòmì mìíràn wọ ọkọ̀ lọ sójú ogun ní Yúróòpù.

Ọ̀kan nínú wọn ni Bonou Kiti Sodabi, ọmọ agbègbè Allada. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a ń sọ ní Benin, ilé olóko àjàrà kan ní ilẹ̀ Faransé ni ó ti rí bí a ṣe ń sọ wáìnì tí kò dára mọ́ di ọtí líle. Nígbà tí ogun parí, ó padà wálé. Kò sí àjàrà ní Allada. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dán an wò, lẹ́yìn náà ni òun àti arákùnrin rẹ̀, Gbéhalaton, fi ẹmu ṣe é. Ohun tí ó jáde mọ́ bí omi, ó sì ń ta bí iná. Àwọn ènìyàn fi orúkọ ìdílé wọn pè é.

Kì í ṣe èròjà ni Sodabi kó bọ̀ láti àjò, ọgbọ́n ni. Ọtí máa ń hó ní ìwọ̀n 78, omi sì máa ń hó ní ìwọ̀n 100. Bí a bá fi iná pẹ̀lẹ́ sábẹ́ ẹmu kíkan nínú àgbá tí a dé pa, ooru ọtí ni yóò ṣáájú. A ó jẹ́ kí ó gba inú ọ̀pá bàbà kọjá nínú omi tútù, yóò sì padà di omi, yóò máa kán sínú ìgò. Bí Koeppler ti wá ojútùú sí ọ̀rá wàrà tí ń rì, bẹ́ẹ̀ ni Sodabi wá ojútùú sí àjàrà tí kò sí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ibi tí àwọn ìtàn méjèèjì ti yapa ni òfin. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, èyí tí ó ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù lọ nínú Áfíríkà. Wọ́n ní ìlera àwọn ènìyàn ni àwọn ń dáàbò bò. Síbẹ̀, àwọn ọtí Yúróòpù tí owó wọn ga ń wọlé, wọ́n sì ń san owó ibodè. Èyí tí a sè nínú igbó kò san kọ́bọ̀. Ní ọdún 1922, ìjọba dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, nítorí pé epo rẹ̀ ń lọ sí Yúróòpù; ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹmu ọ̀pẹ kan náà sè ọtí di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọtí tí ó ń jẹ́ sódabì ní Kétu ń jẹ́ ògógóró ní Mẹ̀kọ: orúkọ rẹ̀ yí padà ní ààlà, ìyà rẹ̀ kò yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ọmọ Áfíríkà kò mọ̀ ju kí ó máa ra ohun òkèèrè lọ, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìgbà kan wà tí òfin fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Lónìí, a ń fi sódabì po ọtí àdàlù ní àwọn ilé ọtí Kútọnu, a sì ń dì í sínú ìgò ẹlẹ́wà fún àlejò. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ sè é mọ̀ pé ọgbọ́n tí kò pé lè pa ènìyàn: a kì í mu èyí tí ó kọ́kọ́ kán, nítorí oró inú rẹ̀, a kì í sì í fi ọtí tí a kò mọ orísun rẹ̀ ṣe àlejò.

Iṣẹ́ kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orúkọ Sodabi kò parẹ́, nítorí pé ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ń ra ọtí rẹ̀. Àwọn ìyá àti baba tí wọ́n sè é ní abẹ́lé lórí òkè Kétu, ní Pobè àti ní Ṣakẹtẹ́, ní ìgbà tí ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé.