Apátí Ìbọn àti Òjò Dídì

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ Montana, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí mi pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú aginjù orí òkè, níbi tí òtútù ti mú tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ìgò wọn fi dì gbagidi, tí wọ́n sì ń fi ìbọn kọ́ bí a ti í ba ohun tí ó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún mítà, ohun tí ó bẹ̀ mí kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe àdúrà. Ó ní kí n bá òun sọ ìwé náà di Yorùbá, kí n sì kà á sí etí bàbá òun, nítorí òun gbọ́ èdè wa ṣùgbọ́n òun kò lè kọ ọ́. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà mí.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí mo sì kọ́kọ́ wò ni pẹpẹ ìwé mi. Mo gbé ìwé atúmọ̀ tí R. C. Abraham ṣe ní ọdún 1958 kalẹ̀, mo gbé apá méjèèjì Èdè-Ìperí Yorùbá tì í, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, wọ́n sì ti yọ olùkọ́ bí èmi nínú ìtìjú ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ ni apá méjèèjì Èdè-Ìperí fi ṣe ẹrù, wọn kò bá ìbọn dé orí òkè. Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn máa ṣe àpèjúwe nǹkan títí àpèjúwe náà yóò fi di orúkọ, bí àwọn tí ó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, tí wọ́n sì pe tẹlifíṣàn, tí Ìbàdàn kọ́kọ́ rí ní ọdún 1959, ní amóhùnmáwòrán. Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí mo ti fẹ́ràn agbádá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í wọ agbádá lọ já ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Ní Ajégúnlẹ̀ wa yìí, níbi tí Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ àti Urhobo jọ fi ẹ̀yìn ti ogiri kan náà, ẹni tí rédíò rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í sọ fún oníṣẹ́ pé asọ̀rọ̀mágbèsì òun ti yadi. Oríkì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni orúkọ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dá mi dúró ni nǹkan funfun tí ó bo òkè wọn. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ní ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti bá a pàdé, wọ́n pè é ní òjò dídì ní ibì kan, wọ́n sì fi ẹ̀gbọ̀n òwú dípò rẹ̀ ní ibòmíràn. Èyí àkọ́kọ́ wo ìṣẹ̀dá rẹ̀, èyí kejì wo ìrísí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní a máa pè é ní yìnyín, èmi kò sì gbà, nítorí yìnyín tí a mọ̀ a máa kan páànù bí olówó èlé tí ó wá gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀hún a máa balẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìjí ọmọ ọwọ́. Nítorí náà mo gba ọjà Boundary lọ, sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a tí ó ń tú páálí títùs tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti yàrá òtútù. Ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó là á mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹja náà kò tú. “Ó ṣì dì, Tíṣà,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí ó yọ́ díẹ̀.” Bí mo ti fẹ́ súnmọ́ ọn báyìí, ó ké pé, “Ẹ rọra o, ibẹ̀ ń yọ̀!” Dì, yọ́, yọ̀: obìnrin tí kò fi ojú kan orí òkè bẹ́ẹ̀ rí ti fún mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ìwé ọmọ náà kò lè ṣe aláìní, ohùn kan ṣoṣo ni ó sì ya èyí tí ó ń di omi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Nígbà tí mo sọ fún un pé òjò dídì ni mo ń kọ ìwé lé lórí, ó bi mí pé, “Ṣé ó rọ̀ kí ó tó dì ni, àbí ó dì kí ó tó rọ̀?” Ó dì kí ó tó rọ̀ ni, nínú ìkùukùu lókè lọ́hùn-ún. Òjò dídì ni mo kọ.

Ní ti ibi tí ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, n kò ṣẹ̀dá ohunkóhun, nítorí èdè wa kò jẹ gbèsè ní ìhà ibẹ̀: oko kì í ṣe ìgbẹ́, ìgbẹ́ kì í ṣe ẹgàn, ẹgàn kì í ṣe ọ̀dàn, ijù sì ni ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í pọ̀. Ẹni tí ó lọ sun igbó nítorí ẹran, ó lọ dẹ̀gbẹ́ ni. Ibùba tí ó kọ́ sórí igi, ègùn ni. Ìgbà òtútù wọn ni mo pè ní ọ̀gìnnìtìn, n kò pè é ní ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ tiwa eruku ni ó ń gbé wá, débi pé ní òwúrọ̀ mìíràn ẹni tí ó dúró létí omi Àpápá kì í rí ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ dáadáa.

Ìbọn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò. Nígbà tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn wọ̀yá ìjà láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun, àwọn tí ó sì gbọ́ ìró ohun ìjà ibẹ̀ kò wá ìwé atúmọ̀ kankan lọ. Etí wọn ni ó sọ ogun náà lórúkọ, Kírìjì. Títí di àkókò tiwa ni ìbọn ṣì ń gba ẹnu omi wọlé: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè dá kọ̀ntéńà kan dúró ní ọ̀nà Mile 2 sí Àpápá, wọ́n sì bá ìbọn 661 nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yà bá ọ̀rọ̀ aṣọ́bodè díẹ̀, nítorí ó dùn mọ́ mi: ẹnu odi ìlú ni bodè, níbi tí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò àti oníṣòwò, nígbà tí odi wó, ọ̀rọ̀ náà kò bá a wó, ó di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sí wọ́ọ̀fù, ó sì ń gba owó rẹ̀ lọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbọn tí ọmọ náà gbé yàtọ̀ sí ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Inú ihò ṣakabùlà dán bọ̀rọ́. Inú ti ọ̀hún ni wọ́n kọ nílà, ilà tí ó lọ́ yíká láti ìdí dé ẹnu, kí ọta lè máa pòòyì bí ó ti ń jáde. Mo rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré: bí ó bá ń pòòyì, yóò dúró ṣánṣán lórí ṣóńṣó rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ kan dì í mú; bí òòyì rẹ̀ bá tán, yóò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, yóò sì ṣubú. Ohun kan náà ni ó ń jẹ́ kí ọta la ẹgbẹ̀rún mítà já láìtàkìtì. Orúkọ tí mo kọ́kọ́ fún ìbọn náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó kún mi lẹ́nu bí iṣu gbígbóná. Mo pa á rẹ́, mo kọ ìbọn abilà, bí a ti ń sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá kọlà, ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ ìlú rẹ̀. Ọta tí ó bá sì ti inú ìbọn abilà jáde, ilà náà a máa hàn lára rẹ̀, òun ni àwọn ọlọ́pàá fi ń mọ ìbọn tí ó ti wá.

Ibi tí ìka ń fà ni ó dá mi lágara. Mo kọ ìfa-ìbọn, mo pa á rẹ́. Mo kọ ahọ́n ìbọn, ó dà bí ẹni pé ìbọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ọdẹ àdúgbò wa, àgbàlagbà ará Ìsẹ́yìn kan (nítorí ní Èkó, ọdẹ kì í lépa ẹran mọ́, olè ni ó ń lépa), rí iná mi, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fèrè àti ṣakabùlà rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, kí ni ẹ ń pe èyí tí ẹ ń fà yìí?” Ó wò mí títí. “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kì í pa á lówe ni? Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?” Mo ti pa òwe náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àìmọye ìgbà, mo ti tú u palẹ̀ láti òkè délẹ̀, n kò sì bi ara mi lẹ́ẹ̀kan péré ohun tí apátí jẹ́.

Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ẹnu ara mi wò kí n tó tú ìwé. Àfojúsùn tí gbogbo ọ́fíìsì ń lẹ̀ mọ́ ògiri lónìí, ẹni tí ó fẹ́ ta nǹkan ni ó ni ín, nítorí òun ni ó ń fojú sun ẹran. Tàsé náà, ọwọ́ tafàtafà ni a ti yá a. Nínú eré ìdíje tí ó da fífi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí òjò dídì pọ̀ mọ́ ìbọn yíyìn, tí ó ti wà nínú Òlíḿpíìkì láti ọdún 1960, ẹni tí ó bá tàsé lẹ́ẹ̀kan a máa sá àfikún 150 mítà nínú ọ̀pọ̀ ìdíje rẹ̀. Mo ti rí ètò ìjọba púpọ̀ tí ó tàsé, n kò rí èyí tí ó sáré. Ìyókù kò le: atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ a máa ti ọta, òòfà ilẹ̀ a máa wọ́ ọ, ẹ̀tù tí òtútù bá sì ti mú kì í tètè jó tó bí ó ti yẹ, ọta a sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí a fojú sùn. Awò orí ìbọn ni mo pè ní awò ìfojúsùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ka ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Ẹran wo ni wọ́n pa?” Mo ní wọn kò pa ẹran, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n gbé kalẹ̀ tí wọ́n ń yìnbọn sí, tí wọn yóò sì ka ení dé ẹ̀rin kí ìró rẹ̀ tó padà dé etí wọn. “Ọjọ́ mẹ́ta? Nínú òtútù yẹn?” Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ, irin tí àwọn wọ̀nyí pa, ta ni yóò bá wọn du ú? Ó ní kí n má ṣe pe ọmọ òun ní ọdẹ nínú ìwé náà, pé bàbá wa ni ọdẹ. Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ ní ibi mẹ́ta, mo fẹ́ fi atamátàsé rọ́pò rẹ̀, ni mo bá rántí pé ọmọ náà jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé nínú ọta mẹ́wàá, mẹ́rin péré ni ó ba irin. Àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú ìwé náà bí mo ti ń wí yìí.