Ẹ̀tọ́ Láti Fèsì: Ìtàn Ìjiyàn Àwọn Olùdíje Ipò Ààrẹ lórí Amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Pépà yìí tọpasẹ̀ ìtàn ìjiyàn àwọn olùdíje ipò ààrẹ lórí amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí a dá amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 títí di ìdìbò 2023. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn tó ń léwájú ẹgbẹ́ òṣèlú máa kópa nínú irú ìjiyàn bẹ́ẹ̀? A fi hàn pé lẹ́yìn 1993, àwọn tí wọ́n wọlé ìdìbò ni wọ́n sábà máa ń yẹra fún un, àìwá wọn kò sì pa wọ́n lára. Èrò wa ni pé ó yẹ kí wọ́n kópa. A dá a lábàá pé kí òfin so àyè ọ̀fẹ́ lórí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba mọ́ ìkópa, kí àwa olùkọ́ sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wọn ìdáhùn olùdíje.

Ìfáàrà

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ wa, àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìpolongo ìbò lónìí ló jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì: pátákó ojú títì, orin ìpolongo, ìpolówó orí amóhùnmáwòrán, àti ọ̀rọ̀ tí olùdíje kà láti inú ìwé lórí pèpéle. Nínú ìjiyàn, alátakò lè fèsì lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí òwe yìí rò pé ìjiyàn láàrin àwọn tó ń du ipò jẹ́ àṣà wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ oyè kì í bá ọmọ oyè jiyàn níwájú ìlú. Àwọn afọbajẹ ló ń yan ọba, wọ́n sì ń bi Ifá léèrè. Inú ìgbẹ́jọ́ ni a ti bá ìlànà pé kí á gbọ́ ti ẹni méjèèjì kí á tó dájọ́. Ní ọjọ́ ìdìbò, olùdìbò ló wà ní ipò adájọ́. Ìdí nìyí tí òwe náà fi kàn án.

Ìjà lórí ẹ̀tọ́ láti fèsì: 1953 sí 1959

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sí ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara ẹni ní 1956. Àríyànjiyàn lórí àbá náà le débi pé àwọn aṣòfin Action Group àti NCNC fi ilé sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá àwọn mínísítà Action Group wí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò fún un.

Nígbà tí òfin ìjọba 1954 gba àwọn ẹkùn láàyè láti ní iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn mú ọ̀rọ̀ náà lọ́kùn-únkúndùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń sọ pé ó wà fún, òótọ́ sì ni, nítorí ó bá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 rìn. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé olóṣèlú kan tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti fèsì dù wà lára ohun tó bí i.

Àpẹẹrẹ òkè òkun àti ti aládùúgbò

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, John Kennedy àti Richard Nixon jiyàn lórí amóhùnmáwòrán ní Chicago. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàrin àwọn olùdíje ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìgbà náà ni àṣà ọ̀hún ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìjiyàn ní 1964, 1968 àti 1972. Ọdún 1976 ni Gerald Ford àti Jimmy Carter tó sọ ọ́ jí. Nítorí náà, àwọn tí a fi ń ṣe àwòkọ́ṣe náà fò ó fún ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó di bárakú.

Ní Bìrìtìkó, ó di 2010 kí àwọn olórí ẹgbẹ́ tó jọ dúró lórí pèpéle: Gordon Brown, David Cameron àti Nick Clegg, lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kẹrin. Clegg gba oríyìn púpọ̀, síbẹ̀ ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé aṣòfin dín kù sí 57. Ní 2017, Theresa May kò lọ sí ìjiyàn BBC, ó rán mínísítà rẹ̀ lọ dípò. Àìwá rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí àwọn alátakò ń fi bá a wí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó tó fún un lágbára láti dá ṣe ìjọba. A kò sọ pé àìwá náà nìkan ló fà á. Kókó wa ni pé níbẹ̀, ojú ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n fi wo àìwá.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ti ń dìbò. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú àtúndì ìbò ọjọ́ 20, Lionel Zinsou àti Patrice Talon jiyàn lórí amóhùnmáwòrán. Olórí ìjọba ni Zinsou nígbà náà, òun ló sì léwájú nínú ìpele àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó léwájú ní ẹ̀tọ́ láti fara pa mọ́ ni, kò bá má wá. Ó wá, Talon sì borí rẹ̀ nínú ìbò.

1993: Ìgbà tí àwọn méjèèjì wá

Ní tiwa, ìgbà kan ṣoṣo ni àwọn tí ìbò ìpò ààrẹ wà láàrin wọn gan-an jọ jókòó láti jiyàn. Ṣáájú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP àti Alhaji Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC pàdé lórí NTA. Abíọ́lá borí nínú ìbò náà, kódà ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun fagi lé e.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìjiyàn náà ló fún Abíọ́lá ní ìbò. Ẹ̀rí kò tó fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí Abíọ́lá ti jẹ́ gbajúmọ̀ káàkiri Nàìjíríà kó tó díje. Ohun tí ìtàn fi hàn ni pé ẹgbẹ́ méjì péré ni òfin gbà láàyè, kò sì sí ààrẹ tó wà lórí àlééfà láàrin àwọn olùdíje. Kò sí ẹni tó lè fi ipò bojú, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé èrò pọ̀ jù lórí pèpéle.

1999 sí 2023: Àga tó ṣófo

Ní 1999, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò bá Olóyè Olú Fálaè jiyàn. Ọbásanjọ́ ló wọlé. Ní 2011, Muhammadu Buhari, Nuhu Ribadu àti Ibrahim Shekarau lọ sí ìjiyàn tí NN24 ṣètò, ṣùgbọ́n Ààrẹ Goodluck Jonathan kò lọ. Nígbà tí Jonathan lọ sí èyí tí àjọ àwọn iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣètò, àwọn mẹ́ta yòókù kọ̀, òun nìkan ló jókòó. Jonathan ló wọlé. Ní 2015, Jonathan lọ, Buhari kò lọ, ẹgbẹ́ APC sì ní àwọn olùṣètò ń ṣègbè. Buhari ló wọlé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2019, Buhari kò yọjú rárá. Atiku Abubakar dé ibẹ̀, ó rí i pé Buhari kò sí, ó sì padà. Oby Ezekwesili, Kingsley Moghalu àti Fẹlá Durotoye ni wọ́n jiyàn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, àpapọ̀ ìbò Moghalu àti Durotoye kò tó 40,000. Ti Buhari lé ní mílíọ̀nù 15. Nínú ìpolongo 2023, Bọ́lá Tinúbú kò kópa nínú ìpàdé àwọn olùdíje tí Arise TV ṣètò. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2022, ó sọ̀rọ̀ ní Chatham House ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pín àwọn ìbéèrè fún àwọn tó bá a lọ láti dáhùn. Tinúbú ló wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó sá lónìí lè wá lọ́la, ẹni tó wá lánàá lè sá lónìí. Buhari wá ní 2011, kò wá ní 2015. Ìṣirò èrè ni wọ́n ń ṣe, àwa olùdìbò la sì fún wọn ní ìṣirò náà.

Àwíjàre àwọn tí kì í wá

Wọ́n ní ẹnu dídùn yàtọ̀ sí iṣẹ́ ṣíṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè mìíràn dúnàádúrà ní láti lè ṣàlàyé ètò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn olùṣètò ń ṣègbè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí ìlànà kí ìpolongo tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní olùdíje pọ̀ jù. Ní 2019, 73 ni wọ́n. Ní 2023, 18 ni. A lè pín wọn sí ìpele.

Àwíjàre tí wọn kì í sọ síta ló lágbára jù: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ti rò pé òun yóò wọlé kò rí ìdí láti gbé ẹyin rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà yìí ló mú ìjiyàn wúlò fún olùdìbò, nítorí ohun tí olùdíje ń bẹ̀rù kó má tú síta lè jẹ́ ohun tó yẹ ká mọ̀.

Èdè àti kíláàsì

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìjiyàn ipò ààrẹ. Ìyá aláta ní Ọjà Ọba àti àgbẹ̀ ní Ṣakí ń dúró de sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò láti túmọ̀ rẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì sì tún ti dé. BBC Yorùbá ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá bi olùdíje ipò gómìnà léèrè, bí wọ́n ti ṣe ní Ọ̀ṣun ní 2018. Ní àpérò tí Haúsá, Ígbò àti Yorùbá ti ń pàdé bí èyí, a lè béèrè pé kí àwọn ògbufọ̀ tí a kọ́ dáadáa máa ṣiṣẹ́ nínú ìjiyàn ipò ààrẹ.

Iṣẹ́ kan tún wà ní ọwọ́ wa. Àròkọ aláríyànjiyàn wà nínú sílábọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu, tó ń pa òwe, tó sì ń kí àwọn adájọ́ àti olùtọ́jú àkókò, ni a sábà máa ń fún ní máàkì. A kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó bóyá ó fèsì sí ohun tí alátakò sọ. Bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì ni yóò ṣe máa dìbò tó bá dàgbà.

Àgbálọgbábọ̀ àti àbá

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ó yẹ kí wọ́n kópa. Ní 2018, Sẹ́nétọ̀ Abdulfatai Buhari láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé àbádòfin wá pé kí á dá àjọ kan sílẹ̀ fún ìjiyàn òṣèlú, ṣùgbọ́n títí ìdìbò 2023 fi wáyé, kò sí òfin tó mú ìjiyàn ní dandan. A kò dámọ̀ràn ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn. Àbá wa ni wọ̀nyí:

1. Kí á tún òfin ìdìbò ṣe, kí olùdíje tó bá kọ̀ láti jiyàn láìsí ìdí pàtàkì pàdánù àyè ọ̀fẹ́ lórí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Ẹni tí kò fẹ́ gba èsì kò yẹ kó fi owó ìlú sọ̀rọ̀.
2. Kí àwọn iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán máa fi àga ẹni tí kò wá sílẹ̀ lófìfo, kí wọ́n sì máa ka ìbéèrè tó yẹ kó dáhùn.
3. Kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tún ìlànà ìfúnnimáàkì ìjiyàn ṣe, kí ìfèsì ní máàkì tó pọ̀ ju sísọ̀rọ̀ dídùn lọ.

Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, èkejì wà lọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Ẹ̀kẹta kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. A lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.