Orúkọ Tí Kò Ní Ìtumọ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n George Eastman ti ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà kò wo ilé kankan nígbà tí ó ń wá orúkọ fún ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀. Ní 1888, ó to lẹ́tà jọ fúnra rẹ̀, ó pè é ní Kodak. Kò ní ìtumọ̀ kankan. Lẹ́tà K wù ú ni. Ó sì fẹ́ orúkọ kúkúrú tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣì pè.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí kò pè é ní Ẹ̀rọ Dáradára? Họ́wù, oníṣòwò wo ni kì í sọ pé ọjà òun dára? Òfin kì í sábà fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé òun ṣèèṣì kọ Kodak sára ọjà òun? Nígbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ máa ta kẹ̀kẹ́ Kodak, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́kun ní 1898.

A tún ní láti ṣọ́ orúkọ. Bayer ti Jámánì ni ó ni Aspirin láti 1899. Nígbà tó yá, àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi í pe oògùn náà, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é. Ní 1921, adájọ́ kan ní New York ní kí àwọn ẹlòmíràn náà máa fi orúkọ yẹn tà á fún ará ìlú.