Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Epo Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Kí A Tó Rìnrìn Àjò Lọ Sílé

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọdún ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ wa ti ń di ẹrù. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù yóò ti í pa, yóò fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pẹja tàbí kó èrò, láti Bayelsa àti Rivers títí dé Akwa Ibom, àti ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ tiyín kò tíì parí síbẹ̀. Epo tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì lè bà á jẹ́ kí ẹ tó dé.

Ní ìlú òyìnbó, nígbà òtútù tí omi ń di yìnyín, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ọkọ̀ wọn sórí ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Wọn kì í gbé e kalẹ̀ lásán, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú epo inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí yìnyín, àmọ́ ooru wa máa ń tètè ba epo jẹ́. Torí náà, ẹ̀kọ́ yẹn kàn wá.

Èmi tí mò ń kọ èyí, owó ni mo fi kọ́ ọ. Lọ́dún kan, mo lọ sìnkú ìyá mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo pè é, ó di oṣù mẹ́rin. Mo ti fi epo sínú táǹkì àti ẹ́ńjìnnì láìkà á sí. Nígbà tí mo padà, mo fa okùn títí, ó jàjà dáhùn, inú mi dùn. A kó èrò mẹ́fà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Nígbà tí a dé àárín omi, ó kọ́, ó tún kọ́, ó sì kú pátápátá. Ilẹ̀ ti ń ṣú, omi sì ń gbé wa lọ sí ẹnu òkun. Àwọn apẹja kan tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ló fi okùn fà wá dé èbúté. Nígbà tí mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí àtè, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́, tèmi ni.

KÍ LÓ Ń BA EPO JẸ́?

Bẹntiróòlù kì í ṣe omi kànga. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbaná, máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kù á wá bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, á di ohun tó ń lẹ̀. Láàárín oṣù kan sí mẹ́ta, epo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Inú kábúrétọ̀ ló ti ń tètè ṣẹlẹ̀, torí epo ibẹ̀ kò pọ̀, ihò tó sì ń gbà kọjá kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ohun díẹ̀ ló máa dí i. Tó bá jẹ́ epo tí a dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ni, epo á fẹ́ lọ, ọ́ìlì á kù sílẹ̀.

Èkejì ni omi. Nínú táǹkì tí kò kún, ìrì máa ń sẹ̀ sára irin lóru. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Ti ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ni mo ń sọ níbí.

1. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ má ra epo púpọ̀ mọ́. Ẹ lo èyí tó wà nílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fún ẹni tó máa lò ó kíákíá. Epo tí a ti po ọ́ìlì mọ́ kò dára fún mọ́tò, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ń lo irú rẹ̀. Ẹ má dà á sódò o.

2. Ẹ gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi tútù tí kò níyọ̀, níta gbangba. Kí omi bo ibi tó ti ń fa omi dáadáa. Ẹ fi jíà sí àárín, ẹ tan án, kí ó ṣan omi iyọ̀ dànù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má tan án láìsí omi rárá, róbà tó ń fa omi á jóná.

3. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ yọ họ́ọ̀sì epo lára ẹ́ńjìnnì. Á jẹ epo tó kù nínú rẹ̀ tán, á kú fúnra rẹ̀.

4. Kò tán síbẹ̀ o. Díẹ̀ ṣì máa ń kù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ẹ ó rí ìdè kékeré kan. Ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u, kí epo tó kù ro jáde. Ẹ dè é padà. Tí kábúrétọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe gbogbo wọn.

5. Ẹ tú fíltà epo. Tí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ẹ fi bẹntiróòlù mímọ́ fọ̀ ọ́. Òrùka róbà tó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

6. Ẹ yọ kílíìpù tó ń pa ẹ́ńjìnnì kí ó má baà tan. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ó tàn kálẹ̀, kí ẹ dè wọ́n padà. Èyí ni kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ dógùn-ún.

7. Ẹ da táǹkì gbẹ, ẹ dé e pa, ẹ ti ihò atẹ́gùn orí rẹ̀. Ẹ fi họ́ọ̀sì kọ́ sí òkè, níbi tí oòrùn àti eku kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dúró lóòró kí omi inú rẹ̀ lè ro tán.

Ẹni tí kò bá lè da táǹkì rẹ̀ gbẹ lè ra oògùn epo tí wọ́n ń pè ní fuel stabilizer. Inú epo tuntun ni à ń dà á sí, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó lè dé kábúrétọ̀. Kò lè sọ epo tó ti bàjẹ́ di tuntun.

TÓ BÁ JẸ́ DÍSẸ́Ẹ̀LÌ

Ti ọkọ̀ ńlá yàtọ̀. Ẹ ro omi ìsàlẹ̀ táǹkì àti ti fíltà dànù, kí ẹ wá kún táǹkì náà kí ìrì má baà ráyè. Níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé ni kòkòrò tí ojú kò lè rí ti máa ń hù, á di ìdọ̀tí dúdú tó ń dí fíltà.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN INÁ

Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí yàrá, sí kíṣíìnì tàbí sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Oòru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tọ̀ títí á fi kan iná. Ẹ má rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, ẹnìkan lè ṣèèṣì dà á sí àtùpà tàbí sítóòfù. Ẹ má fi ẹnu fà á.

TÍ Ẹ BÁ PADÀ DÉ

Ẹ ra epo tuntun. Ẹ wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín fún ìwọ̀n ọ́ìlì. Níbi tí wọ́n bá ti ní 50 sí 1, ìdajì lítà ọ́ìlì ló ń lọ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti ọ̀kadà.

Ẹ tẹ róbà orí họ́ọ̀sì títí á fi le, kí ẹ wò ó bóyá epo ń jò níbì kan. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì so mọ́ èbúté, ẹ wò ó bóyá omi ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Èéfín á pọ̀ díẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí ẹ dà sí i, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ wà á ní etí omi fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó kó èèyàn kankan. Kí gbogbo èrò sì wọ ẹ̀wù ìléfòó.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀sán kan lọ. Ká ní mo ti ṣe é kí n tó lọ sìnkú ìyá mi ni, èrò mẹ́fà kò bá má fi ojú rí ẹnu òkun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ bá wa sọ fún àwọn tí kì í ka ìròyìn wa, pàápàá àwọn tó wà ní abúlé apẹja. Ẹ ó lọ re, ẹ ó bọ̀ re.